Orílẹ̀-èdè Tí Jọláolúwa Kò Lè Dárúkọ

Jọláolúwa Adéagbo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó fẹ́ lọ kàwé ní òkè òkun, kò sì mọ orílẹ̀-èdè tó ń lọ.

Ọjọ́ Ajé ló wọ ṣọ́ọ̀bù fótò mi ní Sauka Kahuta, ní Minna. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi ní Hausa. Bí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Minna ti ń ṣe nìyẹn: orúnkún ń sọ Yorùbá, ẹnu ń sọ Hausa. Ó ní òun fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù. Mo bi í pé ti orílẹ̀-èdè wo. Ó ní pásípọ́ọ̀tù lásán ni. Mo sọ fún un pé kò sí pásípọ́ọ̀tù lásán mọ́.

Ọdún 1981 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fótò ní ìlú yìí. Nígbà náà, ìwọ̀n kan ṣoṣo la ní. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni o, ìwé iṣẹ́ ìjọba ni o, ìwọ̀n kan náà ni. Ní báyìí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà jẹ́ ínṣì méjì ní gígùn, ínṣì méjì ní ìbú. Ti Dùbáì jẹ́ mílímítà mẹ́tàlélógójì sí márùndínlọ́gọ́ta. Ti àwọn òyìnbó Yúróòpù jẹ́ márùndínlógójì sí márùndínláàádọ́ta, etí méjèèjì sì máa ń dára kó hàn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta, nítorí náà lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni mo kọ nínú orúkọ orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà ni mo kọ pé. Bí mo bá gé e sí ìwọ̀n tí kò yẹ, wọ́n á dá ìwé onítọ̀hún padà, onítọ̀hún á sì padà sọ́dọ̀ mi.

Mo tún bi í léèrè. Ó wo ògiri náà títí. Ó ní, "Ban sani ba, Baba." Ìyẹn ni pé òun kò mọ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Adéagbo bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ṣọ́ọ̀ṣì Baptist kan náà la sì ń lọ. Ó kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ohun tó fi sílẹ̀ ni àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ilé àyágbé, àti ilẹ̀ kan ní Barkin Sale, àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́rùn-ún. Ọdún 2004 ló ra ilẹ̀ náà. Agbára rẹ̀ kò ká a, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá a san ìdajì. Nítorí náà orúkọ méjì ló wà nínú ìwé ilẹ̀, èmi sì ni ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n yìí ń jẹ́ Margaret. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, kò gbé Minna rí, kò sì gbọ́ Hausa. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ọmọ ilé ń pè é.

Jọláolúwa kàwé ní yunifásítì ní Gidan Kwano. Ìmọ̀ nípa òkúta àti omi abẹ́ ilẹ̀ ló kọ́. Nígbà tó parí, ó bá àwọn tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń gbé ẹ̀rọ kan kiri orí ilẹ̀, tí á sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbí, kí wọ́n má gbẹ́ ẹ sọ́hùn-ún. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé iṣẹ́ ńlá ti ìjọba, ẹni tó ní másítà ni wọ́n ń gbé e fún. Ó bẹ̀rẹ̀ másítà náà níbí. Ìyanṣẹ́lódì gba oṣù mẹ́jọ nínú ọdún àkọ́kọ́, ó sì fi í sílẹ̀. Ìgbà náà ló ti ń wá ibi tí kò wọ́n ní òkè òkun.

Yínúsà tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Barkin Sale ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà. Ó fẹ́ rà á láti fi kún tirẹ̀. Ó dárúkọ owó tó dára, ó sì ní òun á dúró títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí aago méjìlá bá kọjá, òun á ra ti òdìkejì títì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ilẹ̀ kan ni, ìrìnàjò kan ni ó sì lè san. Bí ọmọ náà bá yan ibi tí kò yẹ, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n á tà.

Ó ṣí ìwé àjákọ kan hàn mí. Ó ti fa ìlà sí i. Orúkọ mẹ́ta ló wà lókè: Jámánì, Pólàǹdì, Íńdíà. Nọ́wè wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àlejò, ó sì ti fa ìlà gba orí rẹ̀. Ó ka èyí tó kù fún mi. Jámánì kì í gba owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kí o ti owó oúnjẹ ọdún kan mọ́ báńkì kí wọ́n tó fún ọ ní físà, o ó sì dúró pẹ́ kó tó kàn ọ́ ní ẹ́ḿbásì. Pólàǹdì ń gba owó díẹ̀. Labibah tí wọ́n jọ kàwé wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, Labibah ní kó máa bọ̀ kíákíá. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó ní kó má tíì wá. Kò sọ ìdí kankan. Íńdíà kò wọ́n, oúnjẹ ibẹ̀ kò wọ́n, ilé ibẹ̀ kò wọ́n. Ó sáré ka ti Íńdíà kọjá.

Lábẹ́ orúkọ mẹ́ta náà, ó fún wọn ní máàkì bí olùkọ́ ṣe ń ṣe. Owó ilé-ìwé, owó oúnjẹ, físà, iṣẹ́, èdè. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni. Jámánì gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Pólàǹdì gba ọgbọ̀n. Íńdíà náà gba ọgbọ̀n. Mo ní ṣé Jámánì ló borí nìyẹn. Ó ní rárá, òun ti fi òtútù kún un. Nígbà tó fi òtútù kún un, Íńdíà bọ́ síwájú pẹ̀lú mọ́kàndínlógójì. Mo ní ṣé Íńdíà ni nìyẹn. Ó ní òun tún fi ìlà keje kún un. Mo ní kí ni ìlà keje. Ó fi ọwọ́ bò ó díẹ̀ kó tó kà á. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òun máa sọ ni. Íńdíà gba máàkì kan ṣoṣo níbẹ̀. Jámánì tún borí pẹ̀lú méjìlélógójì.

Mo ro àwọn nọ́ńbà náà wò. Kò ṣìṣe nínú ìṣirò. Síbẹ̀ n kò rí ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, òun náà kò sì rí i.

Mo sọ fún un pé ìwọ̀n Jámánì àti ti Pólàǹdì kò yàtọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí n ya ìyẹn. Bó bá já sí Íńdíà, á padà wá ya òmíràn. Ó ní ó dára. Mo ta aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó kó irun sẹ́yìn etí, kó pa ẹnu dé, kó má rẹ́rìn-ín. Kò nílò kí n sọ ti ẹ̀rín. Mẹ́jọ ni mo tẹ̀, mo fún un ní mẹ́fà, mo fi méjì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Ibẹ̀ ló ti pe Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó sì ṣí i kó máa pariwo, nítorí náà mo gbọ́ ohùn méjèèjì. Ó kí i. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ lọ ṣe másítà ní Turai. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi sáìnì ìwé ilẹ̀."

Turai ni àwọn Hausa ń pe gbogbo ilẹ̀ àwọn òyìnbó Yúróòpù pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i lẹ́nu nìyẹn.  Màmá ní, "Ta ni másítà náà?" Jọláolúwa ní ti sáyẹ́nsì ni. Ohùn já, ó tún padà. Màmá béèrè ibi tó ń lọ, ó sì pe orúkọ náà fúnra rẹ̀. Jọláolúwa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ìlà já. Ó tún pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò wọlé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà wá. Màmá ti fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò ní sáìnì ìwé kankan, kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀, òun ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ní ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ òun bá sọ ni òun fara mọ́. Jọláolúwa kò lóye rẹ̀. Ó ní Màmá kò kórìíra ìwé. Màmá ló ra bàtà tó fi wọ yunifásítì. Ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé òun ti fa ìlà kẹjọ, òun kọ "Màmá" sí i. Òdo òdo òdo ló wà níwájú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ní ó lè jẹ́ pé kí òun kúkú dúró. Kí ó tó délé, ó tún pè mí pé kí n bá òun tọ́jú fótò méjì tó kù.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá wọ mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ó gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwá àti Bida, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ó dé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òun nìkan ló rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dìde fún un. A béèrè àlàáfíà ara wa, ti ilé, ti ọ̀nà, ti àwọn tó ti kú. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Bàbá Fótò," ó ní, "mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ya fótò tí wọ́n fẹ́ fi ta ọmọ mi."

Mo bi í pé ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún.

"Másítà rẹ̀ ní Dùbáì."

 Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ọmọ kan wà ní àdúgbò àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, Alice ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó wá ṣiṣẹ́ ní ilé olówó kan ní ìlú Lárúbáwá. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ọjọ́ tó débẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù kan ni kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tí òun san ìdajì rẹ̀, òun kò ní tà á láti fi ra irú ìyẹn fún ọmọ àbúrò òun. Ó ní nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́ lórí fóònù, òun rò pé òun kò gbọ́ dáadáa, òun tún béèrè pé Dùbáì, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo yọ fótò kan nínú méjì tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe fótò Dùbáì. Mo fi ògiri hàn án. Ó ní òun kò ka ògiri. Mo rántí pé télọ̀ ni nígbà èwe rẹ̀, mo sì gbé rúlà fún un. Ìyẹn ló gbà. Ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó wọn fótò náà ní gígùn, ó wọ̀n ọ́n ní ìbú, ó yí i padà, ó tún un wọ̀n.

"Márùndínlógójì sí márùndínláàádọ́ta."

"Dùbáì jẹ́ mẹ́tàlélógójì sí márùndínlọ́gọ́ta," ni mo wí.

Ó gbé rúlà sílẹ̀. Ó ní ibo wá ni ọmọ náà ń lọ. Mo ní Turai. Ó ní, "Kí ni mo ń sọ láti àárọ̀?" Mo tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Turai. Dùbáì. Mo ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ Hausa ni ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ òyìnbó ló túmọ̀ sí. Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó dára, tí ìyẹn bá jẹ́ Turai, kí wá ni ti másítà.

Ìgbà náà ni Jọláolúwa wọlé. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un ibi tí Màmá wà. Ó ti sáré. Màmá ní kó jókòó, kó sì sọ ta ni másítà, ní Yorùbá, láìfi èdè mìíràn kún un.

"Oyè ìwé ni, Màmá. Òun ló tẹ̀lé èyí tí mo ti gbà."

"Kì í ṣe ènìyàn?"

"Kì í ṣe ènìyàn, mà."

Màmá wo èmi, ó wo ọmọ. Ó ní, "Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn Dùbáì."

Mo ní ó ti tì nìyẹn.

Jọláolúwa rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Màmá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra, ó ní bó ṣe jẹ́ pé òun wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú inú òfìfo, ẹnìkan ṣì máa ra búrẹ́dì fún òun. Jọláolúwa lọ ra búrẹ́dì àti tíì. A jọ jẹ ẹ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí.

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní Turai náà, ṣé ìlú kan ni. Jọláolúwa ní rárá, orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni. Màmá ní èwo nínú wọn. Jọláolúwa ṣí ìwé àjákọ rẹ̀. Màmá ní kó pa ìwé náà dé, òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu. Ọmọ náà la ẹnu, ó ní ó lè jẹ́ Jámánì, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ Pólàǹdì, ó sì tún ku Íńdíà, ṣùgbọ́n Íńdíà kò sí ní Turai. Màmá ní bí kò bá sí ní Turai, kí ló dé tó fi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Jọláolúwa ní nítorí owó ni.

"Jọláolúwa," ni Màmá wí, "ojoojúmọ́ ni n ó máa gbàdúrà fún ọ. Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí o wà. N kò lè máa sọ fún Ọlọ́run pé ibì kan ṣáá."

Ó ní òun á sáìnì. Kó lọ sùn, kó padà wá ní ọ̀la pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ mi náà ni kí wọ́n ti sáìnì ìwé náà, nítorí èmi ni ẹlẹ́rìí ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn méjèèjì dé ní aago mẹ́wàá. Ojú Jọláolúwa pọ́n. Ó ní lánàá, bí òun ṣe kúrò níbí, Pólàǹdì ni òun mú. Òun délé, òun pe Labibah, Labibah kò gbé e. Òun mú Jámánì. Òun kà pé ẹnìkan dúró fún oṣù mẹ́rìnlá kí wọ́n tó pè é ní ẹ́ḿbásì. Òun mú Íńdíà, òun sì sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun kò mú ìkankan.

Mo sọ òótọ́, kò yé mi. Omi tó fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀, abẹ́ Minna níbí ló wà. Bóyá mo ti dàgbà jù.

Màmá kò bínú. Ó gbé ìwé ilẹ̀ sórí tábìlì mi, ó fi bírò mi lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ó ní kí wọ́n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń ṣe nígbà tó ń ránṣọ, tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, ló ṣe béèrè.

"Jámánì. Ṣé owó ilẹ̀ tó?"

Jọláolúwa ní kò tó. Owó tí wọ́n ń tì mọ́ báńkì ju ti Yínúsà lọ púpọ̀. Ó ní àwọn kan wà tó máa ń yá ènìyàn ní owó náà, tí á fi hàn, tí á sì dá a padà. Màmá ní ṣé ẹni tó yá a lówó náà ló máa bá a jẹun níbẹ̀. 

"Pólàǹdì ńkọ́?"

Ó tó ọkọ̀ òfuurufú, físà àti owó ilé-ìwé ọdún kan. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ náà. Màmá ní ọdún kejì ńkọ́. Jọláolúwa ní òun á ṣiṣẹ́. Màmá ní bí iṣẹ́ kò bá sí ńkọ́. Ó ní Labibah rí iṣẹ́. Màmá ní Labibah tí kò gbé fóònù. Jọláolúwa wolẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Yínúsà ni. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sọ fún un ní Hausa pé kó ṣe sùúrù.

"Íńdíà."

 Jọláolúwa ní ó tó. Ó tó fún ọdún méjèèjì, ilé-ìwé, ilé àti oúnjẹ, díẹ̀ á sì kù. Ilé-ìwé kan tilẹ̀ ti gbà á láti oṣù tó kọjá, ẹ̀kọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kọ́ ọ. N kò gbọ́ ìyẹn rí. Màmá náà kò gbọ́ ọ rí.

"O gba ìwé, o kò sọ?"

Jọláolúwa ní kò sí ẹni tó béèrè pé kí ló dé tí òun ń wá Jámánì. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun tó kúrò ní Gidan Kwano, Kánádà ni wọ́n wà, tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bí òun bá ní Íńdíà, wọ́n á ní ṣé òun ń ṣàìsàn ni. Ó ní lóòótọ́, àwọn tí òun mọ̀ tó ń lọ sí Íńdíà, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò rín in.

Màmá ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

 Mo ka ọkọ̀ akérò mẹ́ta tó kọjá níta, gbogbo wọn ń lọ sí Gidan Kwano.

"N kò mọ̀, Màmá. Kì í ṣe òun ni mo fẹ́. Òun ni mo lè parí."

Màmá tún un sọ nínú ara rẹ̀. Mo rí i tí ètè rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Jọláolúwa ní ìrẹsì, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan. Ó béèrè bóyá àwọn Baptist wà níbẹ̀. Jọláolúwa ní wọ́n pọ̀ ní ìhà kan, ṣùgbọ́n ìhà náà jìnnà sí ilé-ìwé. Ó béèrè bóyá ó gbóná tó Minna. Jọláolúwa ní ó ju Minna lọ. Màmá ní ìyẹn nìkan ni kò dùn mọ́ òun.

Ó ṣí Bíbélì rẹ̀ sí ojú ewé ẹ̀yìn, níbi tó kọ orúkọ àwọn tó ń gbàdúrà fún sí. Ó ní kí ọmọ náà pe lẹ́tà rẹ̀ fún òun. Jọláolúwa pè é, Màmá kọ ọ́: Íńdíà. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i pé ṣé kí òun fi bírò pa á rẹ́ tàbí kó wà bẹ́ẹ̀. Jọláolúwa ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, mà." Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ó dá lójú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rẹ̀.

Màmá fa ìwé ilẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sáìnì. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èmi náà kọ tèmi. Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

Fóònù tún dún, Yínúsà ni. Jọláolúwa gbé e sétí. Ó ní, "Ina zuwa."

Màmá wò mí. "Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ń bọ̀."

Jọláolúwa wo ìwé náà, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó wo Màmá.  Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú báàgì, ó dìde, ó sì jáde.